Ìwé tí Ewúrẹ́ Kọ́kọ́ Kà

Bí àwọn ọmọ bá bi mí pé ta ni ó mú mi fẹ́ràn ìwé, mo máa ń sọ pé tísà mi ni. Ìdáhùn tí kò lè kó ènìyàn sí wàhálà nìyẹn. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé ewúrẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, iṣu kan wà níbẹ̀, ìyá bàbá mi náà sì wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo agboolé wa ní Ọ̀kà ń pè ní Yèyé. Láti kékeré ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, nítorí pé àwọn tí ó lè fi ìyà rẹ̀ jẹ mí ṣì wà láàyè. Ẹni tí ó kẹ́yìn nínú wọn ti lọ báyìí. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán kí n tó ra tàdáwà láti kọ ọ́. Èdè Ọ̀kà ni gbogbo wa ń sọ nígbà náà, mo tún un kọ ní Yorùbá ilé ìwé kí ará ibòmíràn lè kà á. Níbi tí mo bá sì ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, mo ti fi “ẹ” sí ẹnu ara mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í pe ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ lọ́dọ̀ wa láyé ìgbà náà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọn kò kọ́ mi nílé.

Abẹ́ àpáta ni ilé wa wà. Àpáta náà ga lẹ́yìn wa bí àgbàlagbà tí ó dúró lẹ́yìn ọmọ tí ó ń jẹun, òkúta kan sì jókòó sí etí rẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé ìka kan péré ni ó fi di òkè mú. Àwọn ará ilé kò wò ó mọ́. Èmi ń wò ó lójoojúmọ́. Mo ti yan ibi tí n ó sá gbà bí ó bá yí, mo ti yan àwọn tí n ó pè kí n tó sá, àti àwọn tí n kò ní pè. Yèyé wà nínú àwọn tí n ó pè, ṣùgbọ́n ó sinmi lórí bí ó bá ti ṣe sí mi lọ́jọ́ náà. Ohùn àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ láàárọ̀ ni ikọ́ rẹ̀, tí ó máa ń wú láti fi jí wa, nítorí pé kò sí ikọ́ kankan tí ń ṣe é. Lẹ́yìn ikọ́ ni a ó gbọ́ ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ọlọ, lẹ́yìn náà ni òfì rẹ̀ tí ó fi ti ògiri yóò bẹ̀rẹ̀ sí dún, gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, bí ó ti ń fi igi pẹlẹbẹ lu òwú mọ́ra. Aṣọ kíjìpá Yèyé le débi pé Bàbá Ńlá, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ olórí ilé, máa ń sọ pé ọfà kò lè wọ̀ ọ́. Yèyé náà ni àgbà obìnrin ilé, òun ni ó sì ń ṣọ́ èèwọ̀. Nínú gbogbo èèwọ̀, èyí tí ó fẹ́ràn jù ni ti iṣu tuntun: kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án kí àwọn àgbà ìlú tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Ó ti na ọmọ kan rí nítorí pé ọmọ náà bú sẹ́kún nídìí ebè iṣu.

Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí tí mo ń sọ, ilẹ̀ gbóná. Bí a ti ń pè é nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó jẹ́ dá orúkọ àrùn náà. Wọ́n ní bí a bá pè é, yóò jẹ́. Àwa mẹ́rin ni a sùn sórí ẹní kan: ìyá mi, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ kan tí ó wá kí wa láti Etioro, àti èmi. Èmi nìkan ni mo jáde nínú yàrá náà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn náà fi àpá sí mi lójú bí iyanrìn tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí. Bàbá mi wà níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà fún òyìnbó Ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó wò mí, ó wo ibi tí ẹní wà tẹ́lẹ̀, ó sì padà lọ la ọ̀nà. Yèyé ni ó gbà mí sí yàrá rẹ̀, ó sì sọ mí ní Àjẹkù. “Àjẹkù, lọ pọn omi.” “Àjẹkù, ṣé ìwọ náà máa ń jẹ nǹkan kù ni?” Àwọn àlejò á ní kí ó má pe ọmọ bẹ́ẹ̀. Yèyé á ní, “Bí mo bá pè é ní Arẹwà, ṣé ojú rẹ̀ yóò tún jọ̀lọ̀ ni?” Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Àwọn yòókù ń ṣàánú mi, àánú sì máa ń já mi láyà. Ohun kan tún wà: àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá ti jẹ kù, kì í tún padà tọ̀ ọ́ wá. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn, èmi ni wọ́n ń rán sí i, bí ẹni pé ẹ̀rù kò lè ba èmi náà.

Ilé ìwé wa jẹ́ ògiri mẹ́rin àti òrùlé ewé lẹ́bàá ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti ìhà òkun wá ni tísà wa. Ó rọ́kú, ó sì máa ń bọ́ bàtà kí ó tó bínú, kí bàtà má bàa bàjẹ́. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí oko ń fẹ́ ọwọ́, ilé ìwé a sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ tí a pa ilé ìwé dé lọ́dún náà, tísà ní kí oníkálukú wá ìwé kan tí kì í ṣe ìwé A-B-D wa, kí ó kà á nígbà ìsinmi, kí ó sì wá dúró níwájú gbogbo wa láti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é yóò bọ́ sí kíláàsì kejì. Ẹnì kan bi í pé níbo ni a ti fẹ́ rí ìwé. Tísà ní, “Ẹ wá a bí ẹ ti ń wá olú.” Ó dára, a mọ bí a ti ń wá olú. Ẹni tí ó bá rí i kì í sọ ibi tí ó ti rí i.

Mo sọ fún Bàbá Ńlá pé a ti gba ìsinmi. Ó ní, “Ìsinmi? Kí ni ó rẹ̀ yín? Ṣé ìjókòó ni?” Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ráyè yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Mo ń pọn omi nísàlẹ̀ àpáta kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ń se egbo, nítorí iṣu èṣí ti tán pátápátá tí àgbàdo sì ni a ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń yọ kóró inú òwú, mo ń rànwú, mo sì ń jókòó sídìí òfì kékeré tí Yèyé ta fún mi. Mo rò ó pé ìdí òfì ni mo ti lè rí àyè, nítorí ọwọ́ ni ó ń hun aṣọ, ojú kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Mo fi ìwé A-B-D dán an wò. Mo ki í bọ ẹ̀yìn òwú, mo sì ń kà á láàárín fọ́nrán. Ní ọjọ́ kẹta Yèyé wá fi ọwọ́ pa aṣọ náà, ìka rẹ̀ méjì sì yọ síhà kejì. Ó yọ wọ́n, ó wò wọ́n. “Àjẹkù,” ó ní, “ta ni a ń hun èyí fún? Ẹja ni?” Ó ní kí n tú gbogbo rẹ̀. Bí mo ti ń tú u ni mo ń ronú pé wàhálà mi kò tilẹ̀ ì tíì dé: mo ń wá àyè láti ka ìwé tí n kò ní.

Ọmọ Yèyé obìnrin kan wà ní Ìkàrẹ́ tí ó fẹ́ àáfà. Nígbà tí a gbé aṣọ lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, a yà sí ilé wọn. Àáfà ní ìwé tí ó tó ẹrù orí, tí wọ́n fi awọ dì, ó sì ń gbọn eruku orí wọn bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá mi ní ẹyọ kan. Ó wo Yèyé, Yèyé wo òkè.

“Kèfèrí kékeré,” ni àáfà wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́, “láti ẹ̀yìn ni a ti ń ṣí tiwa. Bí o bá mú un dé ọ̀dọ̀ tísà rẹ, ìparí ni yóò rò pé o ti bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ fún un bẹ́ẹ̀,” ni Yèyé wí. “Ẹ̀yìn ni òun náà ti ń hun aṣọ.”

Àáfà rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi yẹ̀. Kò fún mi ní ìwé, ó fún mi ní ẹ̀pà, ó sì ní ìwé tí ènìyàn kò bá jókòó tì, ẹrù lásán ni. Mo jẹ ẹ̀pà náà títí dé Ọ̀kà. Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá tísà nílé rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlú, mo ní mo ti wá ìwé bí olú, n kò sì rí. Ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ náà, ó sì jókòó sínú oòrùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó ní, “Wá ní Sátidé. Ìwé ìtàn kan wà nínú àpótí mi, n ó yá ọ.” Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní Sátidé, wọ́n ti ta mọ̀rìwò sí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ti gbóná mọ́ tísà. Kò lo ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Wọ́n sin ín sínú igbó. Wọ́n ní wọn yóò sun ilé náà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí àṣà ti rí. Ṣùgbọ́n agogo ilé ìwé wà nínú ilé, rẹ́jísítà tí wọ́n kọ orúkọ wa sí náà wà níbẹ̀, àwọn tí ó rán tísà wá sì ń fẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Àjẹkù. Àgbà ìjọ kan ni ó darí mi, ó dúró lọ́nà jíjìn lábẹ́ igi osè, ó fi aṣọ bo imú, ó sì ń kígbe pé, “Agogo àti rẹ́jísítà nìkan. Má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Má jókòó. Má mí.” Mo wọlé. Àwọn bàtà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ ibùsùn, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ wọn láti bínú ni. Mo kọjá lára wọn lọ sídìí àpótí. Àpótí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ìwé orin wà nínú rẹ̀, ìwé Gẹ̀ẹ́sì méjì wà níbẹ̀, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lábẹ́ wọn tí ó jẹ́ Yorùbá. Mo ka ìlà kan níbi tí ó ṣí sí: “Opó náà dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́.” Mo ki í bọ abẹ́ ìró mi, mo so ìró náà le mọ́ ikùn, mo mú agogo àti rẹ́jísítà jáde. Àgbà ìjọ fi ọ̀pá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti iná bọ ilé. Tísà ti ṣèlérí ìwé náà fún mi, nítorí náà n kò jalè. Mo ti ń sọ èyí fún ara mi láti ọjọ́ náà wá. Ẹni tí kò jalè kì í tún un sọ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo wẹ̀ tán ni ẹ̀rù tó wá bà mí dáadáa. Ohun tí ó bá pa ará ilé wa, èmi ni mo gbé e wọlé. Mo ti rí i tí Yèyé ń sá ẹní aláìsàn sóòrùn, ó ní oòrùn kì í bá àrùn ṣeré. Nítorí náà, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, mo gun àpáta lọ síbi tí a sá ata àti ilá sí, mo ṣí ìwé náà sílẹ̀ láàárín ilá, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi. Nígbà tí mo padà, ewúrẹ́ Bàbá Ńlá wà nídìí rẹ̀. Ó ti fi ilá sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ó ti jẹ ewé ìbẹ̀rẹ̀, ó ti yí ìwé náà padà, ó sì ń jẹ ewé ìparí lọ́wọ́, ó ń wò mí bí ọ̀mọ̀wé tí wọ́n dí lọ́wọ́. Mo gba ìyókù lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ìwà rere, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́: mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ewúrẹ́ náà bóyá àrùn yóò mú un. Láràárọ̀ mo ń fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, mo ń ṣí ẹnu rẹ̀ wò. Bàbá Ńlá bá mi níbẹ̀.

“Kí ni o ń wá lára ewúrẹ́ mi?”

“Mo ń kí i ni, Bàbá.”

“Ṣé ó ń dáhùn?”

“Kò tíì dáhùn.”

Ó ju orí síhìn-ín, ó jù ú sọ́hùn-ún, ó ní ilé ìwé ni ó fa èyí. Oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ara ewúrẹ́ ń dán, ó ń sanra. Mo wá fi ọkàn balẹ̀ díẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé náà, ìlà méjì lẹ́yìn ilé ìdáná, ìlà mẹ́ta lọ́nà odò. Abẹ́ ìró mi ni ó ń gbé. N kò rí àyè ka ojú ewé kan pé pérépéré láìgbọ́ orúkọ mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ni ó jí mi. Ikọ́ kò dún. Mo dùbúlẹ̀, mo ń dúró dè é, kò dún. Lẹ́yìn náà ni Yèyé sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ níhà kejì yàrá, ó ní kí n lọ pọn omi, kí n má sì wo òun. Mo lọ. Nígbà tí mo padà, gbogbo ilé dúró ní ojúde, kò sí ẹni tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà Yèyé. Ìyàwó Bàbá Ńlá ti yọjú wọ yàrá láti kí i, ó sì bá a níbi tí ó ti ń họ ikùn, ikùn náà ti sú, ó ti pọ́n. Wọn kò dárúkọ. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: wọn yóò gbé e lọ sí ahéré inú igbó, wọn yóò sun aṣọ rẹ̀ àti òfì rẹ̀, n kò sì tíì rí arúgbó kan tí ó ti ibẹ̀ padà. Ìwé náà wà lára ikùn mi, ó gbóná bí ẹyín iná. Bàbá Ńlá pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Àjẹkù, ìwọ ni o mọ̀ ọ́n lójú. Wọlé, wò ó, jáde wá sọ fún wa. Ohun tí o bá sọ ni a ó ṣe.”

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Yèyé jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Mo fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tutù bí ìkòkò omi. Kò sí ohunkóhun ní ojú rẹ̀, kò sí ní àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ ojú àti ọwọ́ ni ohun tí mo mọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ikùn nìkan ni, ó wú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kò ní omi nínú. Mo ní, “Yèyé, ṣé orí ń fọ́ yín?”

“Ojú ni ó ń tì mí,” ó ní. “Ṣé ìyẹn náà wà lára rẹ̀?”

Ó gbé etí ẹní sókè. Iṣu kan wà níbẹ̀ tí ó tóbi tó apá mi, yẹ̀pẹ̀ tútù wà lára rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti ṣẹ́.

“Abẹ́ ìró ni mo gbé e sí láti oko,” ni ó wí. “N kò mọ̀ pé ó ti ṣẹ́. Omi rẹ̀ ni ó ṣe mí báyìí.”

“Iṣu tuntun, Yèyé?”

“Gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i. Ará Ìkàrẹ́ kò tíì gbọ́.”

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ẹkún ni mo bú sí. Bí mo ti tẹ̀ láti nu ojú, igun ìwé yọ jáde lókè ìró mi. Yèyé fi ìka tọ́ka sí i. “Kí ni ìyẹn?” Mo ní ìwé ni. Ó ní ti ta. Mo ní ti tísà. Ó fi ìdí wọ́ sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, mo sì rí ohun tí n kò rí lójú Yèyé rí, àní lọ́dún tí wọ́n gbé ìyá mi jáde: ẹ̀rù mi ń bà á. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìlérí tísà, àpótí, oòrùn orí àpáta, ewúrẹ́. Mo ní bí ó bá fẹ́, n ó jáde lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Ńlá.

“Ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀?”

“Ó jẹ ìbẹ̀rẹ̀, ó jẹ ìparí.”

“Láti ìgbà wo?”

“Oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.”

“Kò sì kú?”

“Ó sanra sí i ni.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ikùn mi, ó wo ti ara rẹ̀. “Ìwọ gbé ìwé sábẹ́ ìró, èmi gbé iṣu sábẹ́ ìró,” ni ó wí. “Ta ni yóò kọ́kọ́ bí nínú wa?” Ẹ̀rín wá gbé wa, a sì fi aṣọ di ara wa lẹ́nu. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo bi í pé kí ni kí n sọ níta. Ó ní kí n sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ ọ́ tán.

Mo jáde, mo ní kì í ṣe òun. Àwọn obìnrin mí bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá Ńlá ní, “Kí ni ó wá jẹ́?” Mo ní ooru ni. Ó wo òjò tí ó ń rọ̀ wínníwínní sí wa lórí. “Ooru?” Mo ní, “Ẹ wọlé wá wò ó fúnra yín, Bàbá.” Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ojú òun kò ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ó wá pàṣẹ pé, nítorí ìṣọ́ra, kí Yèyé má jáde fún ọjọ́ méje, kí ẹnikẹ́ni má wọlé tọ̀ ọ́, kí èmi nìkan máa tọ́jú rẹ̀, kí a má sì hun aṣọ kankan. Ọjọ́ méje. Mo ti fi gbogbo ìsinmi jí ìlà méjì méjì kà, olórí ilé fúnra rẹ̀ sì fún mi ní ọjọ́ méje, ó tún ti ilẹ̀kùn.

Yèyé kò mọ lẹ́tà kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí n kà á sókè, kí òun mọ ohun tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ kú. Ìwé náà jẹ́ ìtàn opó kan tí ọba gba àkùkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá ọba lẹ́jọ́, nítorí náà opó náà ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń bi wọ́n léèrè ta ni ó ju ọba lọ. Ní ìlú kan wọ́n ní ọmọ ogun ni. Ní òmíràn wọ́n ní ikú ni. Opó náà ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì ń fi ìdí rẹ̀ hàn. Yèyé bá a ṣe é láti ojú ewé kejì. Bí mo bá ka ohun tí ará ìlú sọ, òun ni yóò kọ́kọ́ wí pé, “Bẹ́ẹ̀ kọ́,” lẹ́yìn náà ni n ó ka ti opó. A sun iṣu lórí ààrò kékeré inú yàrá, òórùn rẹ̀ sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Ńlá.

“Òórùn kí ni èyí?”

“Egbòogi Yèyé ni, Bàbá.”

Ó fa òórùn náà símú. “Egbòogi náà ń ta sánsán.” Ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwo epo pupa kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pè wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òun gbọ́ pé epo dára fún ara tí ó ń yún. Mo gbé e wọlé. Yèyé ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

“Iyọ̀ wà nínú rẹ̀,” ni ó wí. “Ata náà wà níbẹ̀.” Ó wo ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́. “Ọmọ mi gọ̀, ṣùgbọ́n kò gọ̀ tó bí mo ti rò.”

Ní ọjọ́ keje ni a dé ojú ewé tí ó kẹ́yìn. Opó náà ti rìn títí, ó dé etí odò ńlá kan, ó bi ọlọ́kọ̀ léèrè. Ọlọ́kọ̀ fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Èmi mọ ẹni tí ó ju ọba lọ. Orúkọ rẹ̀ ni”. Eyín ewúrẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Yèyé ní kí n máa kà á lọ. Mo fi ibi tí ó já hàn án. Ó gbà á, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ pa etí rẹ̀ bí ìgbà tí ó ń wo aṣọ tí mo bàjẹ́. Iṣu ìkẹyìn wà lẹ́nu rẹ̀, epo wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Ebi ni,” ni ó wí. “Ta ni ì bá tún jẹ́?”

Ní ọjọ́ ọdún iṣu, Bàbá Ńlá dúró níwájú gbogbo ilé, ó bi wá bí ẹnikẹ́ni bá ti fi ẹnu kan iṣu tuntun. A ní rárá. Ohùn Yèyé ni ó ga jù. Wọ́n gbé ègé àkọ́kọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó di ojú, ó jẹ ẹ́ bí ẹni tí ó ti gbàgbé bí iṣu ṣe rí lẹ́nu. Bàbá Ńlá tẹ̀ sí i létí láti bu ọbẹ̀ fún un, mo sì gbọ́ ohun tí ó sọ, nítorí ẹ̀yìn Yèyé ni mo dúró sí: “Ẹ rọra, Yèyé, kí ooru má tún mú yín.”

Tísà mìíràn dé, mo dúró níwájú kíláàsì, mo sọ ìtàn opó náà títí dé etí odò. Ó bi mí pé orúkọ ta ni ọlọ́kọ̀ dá. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ ìparí kò tíì ka ìwé, ó sì dá mi dúró sí kíláàsì kìn-ín-ní fún ọdún kan sí i. N kò bá a jà. N kò fẹ́ kí ó bi mí léèrè ibi tí mo ti rí ìwé. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí mo bá ti rí àpótí ìwé, ní Ìkàrẹ́, ní Ògbàgì, lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọjá lọ sí Ọ̀wọ̀, mo máa ń wá ìtàn opó náà, n kò sì tíì rí i. Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ mi, nínú aṣọ kíjìpá tí Yèyé hun, tí ọfà kò lè wọ̀. Bí àwọn ẹbí tísà bá gbọ́, kí wọ́n wá, n kò ní bá wọn du ú, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá mi mú ewé tí ó kẹ́yìn dání. Yèyé ní ebi ni. Bí wọ́n bá bi èmi ni, mo lè sọ pé ẹ̀rù ni, òun ni ó ti ń jọba lé mi lórí láti orí ẹní ìyá mi títí di ogójì ọjọ́ Bàbá Ńlá. Ṣùgbọ́n n kò lè búra. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ka ìparí rẹ̀ ní Ọ̀kà, a sì pa á jẹ lọ́jọ́ ọdún iṣu náà. Ẹ̀jìká ni wọ́n fún mi. Ó dùn gan-an.